Ọkọ̀ Ẹlẹ́sẹ̀ Méjì fún Ọ̀sà àti Òkun: Èwo Ni Kí Apẹja Rà?

Ẹni tó bá ń pẹja láti ọ̀sà Èkó bọ́ sí òkun mọ̀ pé omi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lòun ń bá ṣe. Nínú ọ̀sà, omi ò jìn. Lọ́pọ̀ ibi, ọ̀pá tí ò ju mítà méjì lọ á ti kanlẹ̀, ewéko omi sì lè dí ojú ọ̀nà tí ẹ gbà kọjá lánàá. Bí ẹ bá wá jáde láàárín East Mole àti West Mole, ògiri òkúta méjì tó wà lẹ́nu òkun Èkó, ìgbì tó ti gúúsù Àtìláńtíìkì rìn wá ló máa pàdé yín, ó gùn, ó sì wúwo. Ọkọ̀ tó ń ṣe dáadáa nínú omi àkọ́kọ́ lè tán èèyàn lókun nínú ìkejì kí oòrùn tó là.

Ìdí nìyẹn tí àwọn apẹja, àti àwọn tó ń fi ẹja pípa ṣe fàájì lópin ọ̀sẹ̀, fi ń béèrè ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, kàtàmaráànì. Ẹsẹ̀ méjì tóóró ló fi ń tẹ omi, pèpéle so wọ́n pọ̀ lókè, omi àti afẹ́fẹ́ sì ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín wọn kọjá. Àwọn tó ń tà á á ní kì í mì, òótọ́ ni. Wọ́n á ní kò nílò omi jíjìn, òótọ́ náà ni. Ohun tí wọn kì í sábà sọ ni pé ọkọ̀ yìí ò fẹ́ràn ẹrù, bẹ́ẹ̀ ẹrù ni apẹja ń wá lọ sójú omi. Orí ọ̀rọ̀ ẹrù yẹn ni mo máa gbé ìfiwéra yìí kà, nítorí òun ló ń ya ọkọ̀ tó yẹ yín sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn wu ojú.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò, kí ẹ tó lọ wo ọkọ̀

Ẹ mú bébà àti bírò. Ká ní ọkọ̀ fíìtì 20 ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 5.5 lójú omi, ó sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Bí a bá yọ ti iwájú tó ṣe ṣóńṣó kúrò, àyè tí ẹsẹ̀ méjèèjì jọ gbà lójú omi ò ju bíi mítà onígun mẹ́rin 5 lọ. Ìyẹn ni pé kílò 50 péré ti tó láti tẹ ọkọ̀ náà rì ní sẹ̀ǹtímítà kan. Ọkọ̀ abẹ́ kan, ìyẹn ọkọ̀ lásán tí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí gígùn rẹ̀ bá a dọ́gba, tó sì fẹ̀ ní mítà 1.8 lójú omi, máa gba nǹkan bíi kílò 75 kó tó rì níwọ̀n bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ ka ẹrù yín. Èèyàn mẹ́rin, kílò 300. Epo lítà 100, kílò 75. Yìnyín, 100. Ìdákọ̀ró, okùn, bátìrì, omi mímu, oúnjẹ àti irinṣẹ́, ẹ fi sí 75. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di 550, ẹ ò sì tíì pa ẹja kan. Ọkọ̀ ti rì ní sẹ̀ǹtímítà 11. Bí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn bá fi sẹ̀ǹtímítà 35 ga ju omi lọ nígbà tí ọkọ̀ ṣófo, 24 ló kù. Ẹ wá kó ẹja kílò 300 lé e: ó ku 18. Láti ibẹ̀ lọ, gbogbo ìgbì tó bá gba àárín kọjá ló máa fi orí gbá àjà náà, gbà, gbà, gbà, títí dé èbúté. Eyín á máa gbá eyín, ibi tí àjà àti ẹsẹ̀ ti pàdé á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sán díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀rùn tí ẹ torí rẹ̀ sanwó ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tí mo máa ń bi ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra irú ọkọ̀ yìí ni: kílò mélòó lẹ fẹ́ máa gbé wálé? Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀n ńlá lẹ fi ń kó ṣáwà àti agbọ̀dọ̀, tí ẹja ń kún inú ọkọ̀ dé etí, ẹ lè dá kíkà dúró níbí. Ọkọ̀ onígi tí àwọn Ìlàjẹ ń kàn ṣì ni baba ọkọ̀ fún iṣẹ́ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ìwọ̀ àti okùn lẹ fi ń pa kútà, àpò, tàbí tuna, tí ẹja yín ò pọ̀ níye ṣùgbọ́n tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan níye lórí, ọ̀rọ̀ kàn yín.

Ìkejì ni ẹnu òkun. Kì í ṣe pé omi Èkó ń ga tàbí ń fà púpọ̀. Ìyàtọ̀ àárín ìgbà tó kún àti ìgbà tó fà kì í ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Àmọ́ ọ̀sà yẹn tóbi, ẹnu kan ṣoṣo tó ṣí sí òkun láti ọdún dé ọdún sì ni Commodore Channel. Nígbà òjò, odò Ògùn, Ọ̀ṣun àti Yewa á tún da omi tiwọn kún un. Bí omi yẹn bá wá ń sáré jáde, tí ìgbì òkun sì ń wọlé, àwọn méjèèjì á gbéná wojú ara wọn, ìgbì tó ń yí geere lókèèrè á dìde dúró ṣánṣán. Lílọ ò le tó bíbọ̀. Nígbà tí ẹ bá ń bọ̀, ẹ̀yìn ni ìgbì ti ń ti yín, ẹsẹ̀ tóóró ò sì ní agbára púpọ̀ níwájú láti gbé ara rẹ̀ sókè bí ó bá ti rì sínú ìgbì tó ṣáájú. Torí náà, ẹ wo iwájú ọkọ̀: kó ga, kó sì máa fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ sókè. Ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí iwájú rẹ̀ kúrú, tó sì rí pẹlẹbẹ, ti inú ọ̀sà ni, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Ìkẹta ni ewéko. Ojúoró àti òṣíbàtà, a ti bá wọn gbé pẹ́. Èyí tó ń dààmú ẹ́ńjìnì jù ni water hyacinth, olódòdó aláwọ̀ àlùkò tó gba ìhà Kútọnu wọ omi wa láàárín àwọn ọdún 1980. Ó ń wé mọ́ própẹ́là, ó sì ń dí ihò tí ẹ́ńjìnì fi ń fa omi tútù. Ẹ́ńjìnì méjì túmọ̀ sí própẹ́là méjì tó máa kó ewéko, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Owó epo ló kàn. Láti May 29, ọdún 2023 tí ìjọba ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò sí ẹni tó ń ra ẹ́ńjìnì láìbéèrè ohun tó ń mu. Ìṣirò gbẹ̀fẹ́ tó sún mọ́ òótọ́ nìyí: ẹ́ńjìnì two-stroke (èyí tó ń jó òróró pọ̀ mọ́ epo) tí ẹ tẹ̀ dé ìdí máa mu tó lítà ààbọ̀-ààbọ̀ fún hp (ìwọ̀n agbára ẹ́ńjìnì) kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan; four-stroke, tí òróró rẹ̀ wà lọ́tọ̀, máa mu nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta lítà. Yamaha 40 two-stroke, ìyẹn tí agbára rẹ̀ jẹ́ hp 40, lítà 20 ní wákàtí kan. 115 méjì tó jẹ́ four-stroke, ó ń lọ sí lítà 80. Ẹ ò ní máa tẹ̀ ẹ́ dé ìdí ní gbogbo ìgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn jẹ́ kí ẹ mọ irú ọjà tí ẹ dé.

Èyí tó kẹ́yìn ni ẹni tó máa tún un ṣe. Igi, ẹ máa rí gbẹ́nàgbẹ́nà ní Mákòkó, ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìgbókòdá. Fáíbà, wọ́n pọ̀ ní Èkó. Álúmíníọ̀mù tó máa gbé inú omi iyọ̀, àwọn wẹ́dà tó mọ̀ ọ́n jó dáadáa ò pọ̀, ẹ sì máa wá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fáwọn ilé iṣẹ́ elépo.

Tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà

Èyí ni ojú mọ̀ jù, nítorí fídíò wọn kún orí íntánẹ́ẹ̀tì. Twin Vee tí wọ́n ń kàn ní Fort Pierce ní Florida, World Cat tí wọ́n ń kàn ní Tarboro ní North Carolina, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Fáíbà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ fíìtì 20 sí 26, ẹ́ńjìnì méjì ló sì máa ń wà lẹ́yìn wọn. Ìrìn wọn dùn. Ìgbì tó máa mú kí ọkọ̀ abẹ́ kan fò sókè kó sì já lulẹ̀, àwọn wọ̀nyí máa ń là á kọjá ni, pàápàá bí ẹ bá ń sáré níwọ̀nba: afẹ́fẹ́ tó há sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń gbé wọn díẹ̀. Àpótí yìnyín, ibi tí ẹja á máa wà láàyè, ibi ìdúró fún ọ̀pá ìpẹja, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú wọn.

Àmọ́ ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Dọ́là lẹ fi máa rà á, ẹ máa san owó ọkọ̀ tó gbé e wá, ẹ máa san ti aṣọ́bodè, kí ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ẹ́ńjìnì méjì lóúnjẹ. Ọkọ̀ tí wọ́n fi Florida ṣe ibùgbé tún lè ti mu omi sínú fóòmù tí wọ́n fi kún ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè léfòó, kó wúwo ju bí wọ́n ṣe kàn án lọ, ẹ sì ti mọ ohun tí ìwúwo ń ṣe fún irú ọkọ̀ yìí.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò nìyí, ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fi ọ̀rọ̀ dídùn fa yín kúrò nídìí rẹ̀. Kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀, kí ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ tan iná sí ibi tí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti pàdé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Sísán tó rí bí irun lójú ọ̀dà lásán ò burú púpọ̀. Sísán tó bá tò tẹ̀lé ara wọn ní ìlà kan, tí omi dúdú ń yọ nínú rẹ̀, ẹ dìde, ẹ máa lọ sílé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ igi òòlù kan pákó ìdí ọkọ̀ níbi tí wọ́n so ẹ́ńjìnì kọ́. Kó dún kó, kó, kó. Ibi tó bá dún bù, pákó inú ti jẹrà níbẹ̀. Ẹ wá tú ìdérí ihò omi ẹsẹ̀ méjèèjì. Omi tó bá ṣàn jáde lẹ́ẹ̀kan kó tó dáwọ́ dúró, òjò ni. Èyí tó bá ń kán tó... tó... fún wákàtí kan gbáko, inú fóòmù ló ti ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó máa yọ fóòmù yẹn láìla ọkọ̀ náà.

Ní ti ọ̀sà, wọ́n ń gbà á, torí wọn ò rì jìn. Àmọ́ owó epo tí ẹ máa jó láti Ìkòròdú dé ẹnu òkun nìkan máa ń dun apẹja tó ń tajà ní pàtó.

Ọkọ̀ etíkun Gúúsù Áfíríkà

Bí wọ́n bá ní kí n yan ọkọ̀ kan nítorí ẹnu òkun nìkan, ibí ni mo máa yà sí. Lágbègbè KwaZulu-Natal, ní irú ibi bíi Shelly Beach àti Sodwana Bay, orí iyanrìn ni wọ́n ti ń ti ọkọ̀ wọ òkun, ìgbì tó ń fọ́ ni wọ́n ń là kọjá, orí iyanrìn náà ni wọ́n sì ń fi eré sá padà sí. Ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní ski-boat níbẹ̀ wá di ọkọ̀ tó yàtọ̀: mítà 5 sí 6.5, ẹsẹ̀ méjì, iwájú gíga, ẹ́ńjìnì méjì tí ò tóbi púpọ̀, 50 sí 90, fóòmù kún inú ẹsẹ̀ kó má bàa rì pátápátá bí omi bá tilẹ̀ kún un. Ojú ọkọ̀ ga ju omi lọ, omi tó bá dà wọlé á gba ihò ẹ̀yìn jáde fúnra rẹ̀. SAMSA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò ojú omi níbẹ̀, ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọkọ̀ àti ti atukọ̀, nítorí náà ọkọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń ní ìwé ẹ fi lè tọpasẹ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀.

Ẹ́ńjìnì méjì yẹn kì í ṣe fún eré sísá. Ẹyẹ kì í fi apá kan fò, ẹni tí ẹ́ńjìnì kan ṣoṣo rẹ̀ bá kú láàárín ìgbì tó ń fọ́ kì í ní àkókò láti yẹ plọ́ọ̀gì wò. Bí àlàfo tó wà láàárín wọn ṣe fẹ̀ tún jẹ́ kí ẹ lè yí ọkọ̀ padà lójú kan: ọ̀kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn. Ẹni tó ti gbìyànjú láti ya ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tó kún fọ́fọ́ mọ bí ìyẹn ti wúlò tó.

Kí ni àbùkù rẹ̀? Omi máa ń rin èèyàn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ bọ̀ láti iwájú, ìfófó tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń tú jáde níwájú á padà sí yín lójú, àwọn tó mọ ọkọ̀ yìí sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Àyè inú rẹ̀ ò tó, kò sí ibi tí ẹ máa sùn sí, ẹrù rẹ̀ kéré: èèyàn mẹ́ta mẹ́rin, yìnyín, ó tán. Bákan náà, díẹ̀ lára wọn ní ìyẹ́ irin tó dábùú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ omi, ohun tí Yunifásítì Stellenbosch ti dá sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Hysucat. Ó ń gbé ọkọ̀ sókè bí ó bá ń sáré, ó sì ń dín epo kù. Lójú òkun tó mọ́, ohun ìyanu ni. Nínú ọ̀sà wa, ohun tó ń kó ewéko jọ ni. Tí ẹ bá rí èyí tó ní i, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì rà á.

Alia, ọkọ̀ àwọn ará Samoa

Díẹ̀ nínú wa ló mọ èyí, ó sì dùn mí, torí òun ni mo rò pé ó sún mọ́ ìṣòro apẹja wa jù. Láàárín àwọn ọdún 1970, FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ lágbàáyé, àti owó ìrànwọ́ ìjọba Denmark dáwọ́ lé ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan fún àwọn apẹja erékùṣù Samoa ní Pàsífíìkì. Àwọn èèyàn yẹn ti ń pẹja tipẹ́. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni ọkọ̀ tó máa gba ihò tóóró inú àpáta òkun kọjá, tó máa dé ibi tí omi ti jìn, tí ẹ́ńjìnì kan sì máa gbé. Pílíwúùdù ni wọ́n kọ́kọ́ fi kàn án, wọ́n wá bọ́ sórí álúmíníọ̀mù. Ó gùn tó fíìtì 28, ẹ́ńjìnì 40 kan ṣoṣo ló sì máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ wo ìyàtọ̀ yẹn dáadáa. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi agbára gbé ọkọ̀ jáde kúrò nínú omi kó lè sáré. Alia ń la omi ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì tóóró, ìyẹn ló jẹ́ kí 40 kan tó o. Fíìtì 28 náà sì tún fún un láyè lójú omi, ẹrù ò tètè tẹ̀ ẹ́ rì bíi ti fíìtì 20. Kì í sáré, ẹni tó ń kánjú ò lè fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá fi owó epo ọjọ́ kan wéra pẹ̀lú ti 115 méjì máa rí i pé nínú owó epo yẹn lèrè ń gbé.

Ìtàn rẹ̀ tún ní apá tó korò. Nígbà tó di àwọn ọdún 1990, tí tuna albacore di ọjà ńlá ní Samoa, àwọn apẹja fi ọkọ̀ kékeré yìí lépa ẹja lọ jìnnà réré, ju ibi tí wọ́n kàn án fún lọ, pẹ̀lú okùn gígùn àti ẹrù tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ sọnù, ẹ̀mí sọnù, ó di pé kí wọ́n jókòó ṣe òfin ààbò tuntun. Irú ọkọ̀ yìí, bí ó bá ti dojú dé, kì í yí ara rẹ̀ padà. Ó máa léfòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ìdí rẹ̀ lẹ máa jókòó sí títí ẹni tó máa gbé yín fi dé.

Bí ẹ bá fẹ́ ti álúmíníọ̀mù, ẹ mọ̀ pé òun àti bàbà kì í bára wọn gbé nínú omi iyọ̀. Ọ̀dà ìdí ọkọ̀ tó ní bàbà nínú máa jẹ ẹ́ bí ìpẹtà, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé síńkì tí wọ́n ń so mọ́ ọn láti gba ìjẹrà náà sára. Mi ò ní gba ẹni tó ń gbé Ayétòrò tàbí Bàdágìrì nímọ̀ràn pé kó rà á ní álúmíníọ̀mù, bí kò bá ní wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ nítòsí. Kó kàn án ní pílíwúùdù.

Èyí tí a máa kàn nílé

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan láti gbé iṣẹ́ yìí fún oníṣẹ́ wa, àwọn kan náà sì ń wọ ọkọ̀ èrò fáíbà tí wọ́n kàn ní Èkó láràárọ̀. Ọgbọ́n wà nílé. Ohun tó kù ni pé kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa tẹnu mọ́.

Àkọ́kọ́, pílíwúùdù. Èyí tí wọ́n ń tà fún àjà ilé máa ń ṣí ní abala-abala bí omi bá wọ̀ ọ́. Kí ẹ tó ra odindi páálí, ẹ gé pélébé kan, ẹ sè é nínú omi híhó fún wákàtí díẹ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ tún un sè. Ẹ fi ọ̀bẹ gbìyànjú láti là á létí. Bí ó bá là, kò tíì dé òkun. Fáíbà gbọ́dọ̀ bò ó lóde pátápátá, torí kòkòrò omi tó ń jẹ igi pọ̀ nínú ọ̀sà, gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní ípóksì sì lẹ̀ mọ́ igi ju rẹ́síìnì lásán lọ. Owó rẹ̀ ga. Ẹ má ṣe ṣahun níbẹ̀.

Ìkejì ni igi ìdábùú tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí ìgbì bá ń gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, tó ń rẹ ẹsẹ̀ òsì ẹ̀yìn sílẹ̀, ọkọ̀ ń fẹ́ lọ́ ara rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Gbogbo wàhálà yẹn, orí ìdábùú ló ń dé sí. Ìṣó ò gbà níbẹ̀. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì tí kì í dípẹtà, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ tó fẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ni kí ẹ béèrè fún. Ìdí èyí náà ni mi ò fi ka ọkọ̀ onígi méjì tí wọ́n fi okùn àti pákó so pọ̀ mọ́ ohun tó ń lọ sí òkun. Wọ́n ń gbé iyanrìn àti igi nínú ọ̀sà, kí wọ́n dúró síbẹ̀.

Ìkẹta, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pín sí yàrá mẹ́ta ó kéré tán, tí omi ò lè gba ọ̀kan dé ìkejì. Ọkọ̀ abẹ́ kan tí omi wọ̀ máa rì lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí omi wọ ẹsẹ̀ kan máa dá sí ẹ̀gbẹ́ kan ni, kíákíá. Ojú l'alákàn fi ń ṣọ́rí: ẹ wọ inú rẹ̀ fúnra yín, ẹ wo ògiri inú yẹn kí wọ́n tó kan pèpéle bò ó.

Ohun tó dára jù nípa ti ilé ni pé ẹ lè yan gígùn tó bá ẹrù yín mu. Ẹ má gbà kí wọ́n kan ti fíìtì 20 fún yín nítorí pé owó ò tó, kí ẹ wá máa di ẹrù fíìtì 28 lé e. Ẹ́ńjìnì, Yamaha 40 ni mo máa gbé sí i, nítorí mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní gbogbo èbúté wa, pẹ̀lú 15 kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó máa gbé yín wálé bí ọ̀gá rẹ̀ bá kọ̀.

Ti ọkọ̀ rọ́bà alátẹ́gùn ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀. Ìwọ̀ àti rọ́bà ò bára wọn ṣọ̀rẹ́. Ẹ lè fi ṣeré ní Tarkwa Bay.

Ta ni kó mú èwo

Ẹ rántí pé òfin ti fi máìlì òkun 5 àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún àwa ọlọ́kọ̀ kékeré. Àwọn trawler ò lẹ́tọ̀ọ́ láti fa àwọ̀n níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń yọ́ wọlé. Kìlómítà 9 ó lé díẹ̀ nìyẹn. Apẹja tó ń wá àpò àti kútà láti fi jẹun ò ní ìdí láti sanwó ọkọ̀ tó máa lọ jìnnà sí i. Òun ni mo ní lọ́kàn fún ti ilé, pílíwúùdù tí fáíbà bò, fíìtì 26 sí 28, irú ti Alia, ẹ́ńjìnì 40 kan àti 15 kan. Inú ọ̀sà lówùúrọ̀, ẹnu òkun nígbà tí omi bá rọ̀, ó máa ṣe méjèèjì láìjẹ èrè rẹ̀ tán.

Ẹni tí ibùdó rẹ̀ wà létí òkun tààrà, tí ìgbì ń fọ́ níwájú ilé rẹ̀, láti apá Lẹ́kkí títí dé etíkun Ìlàjẹ, kó wá ti Gúúsù Áfíríkà, tó bá lè rówó rẹ̀, kó sì má ṣe ju èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ara rẹ̀ lọ.

Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gbé àlejò lọ pa tuna àti marlin níbi kòtò jíjìn Avon tó wà lójú òkun Èkó, tí àlejò náà sì ń san owó epo, ni mo máa yọ̀ǹda rẹ̀ fún. Fún un, ìrọ̀rùn ni ọjà tó ń tà. Kó ra èyí tó gùn tó fíìtì 24 sókè, kó má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ńjìnì tó wúwo ju èyí tí wọ́n kàn án fún lọ tàn án.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ san díẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó san tán, kí ẹ gbé e lọ sójú omi pẹ̀lú ẹrù. Ẹ fi àpò iyanrìn dípò ẹja. Kí èèyàn mẹ́ta lọ dúró sí igun ẹ̀yìn kan ṣoṣo, kí ẹ wo bí ihò tí omi ń gbà jáde ṣe sún mọ́ omi tó. Kí ẹ jẹ́ kó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ìgbì, ẹ́ńjìnì ní pípa, kí ẹ tẹ́tí sí àjà ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ti àwọn oníṣáwà àti alágbọ̀dọ̀, mo ti sọ ọ́ lókè: kí wọ́n dúró sínú ọkọ̀ onígi wọn. Owó tí wọn ì bá fi ra kàtàmaráànì, kí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnì kejì, láìfù jákẹ́ẹ̀tì tó yí gbogbo ọmọ ọkọ̀ ká, àti rédíò VHF kan, èyí tí wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ lójú omi.